Bí A Ṣe Ṣètò Ìrìn-àjò Fọ́tò Láti Abẹ́òkúta Lọ sí Etí Òkun Àgbádárìgì Nígbà Ọlidé

Orí owó èsúsú ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ayafọ́tò kan wà ní Abẹ́òkúta tí a jọ ń dá owó lóṣooṣù. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti òkú àgbà ni púpọ̀ nínú wa fi ń jẹun. Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti gba ọlidé gígùn, tí pátì ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn sì ti kọjá, iṣẹ́ a máa dá díẹ̀. Àsìkò yẹn ni ẹni tó dàgbà jù láàárín wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, dá a lábàá pé kí a yọ nínú owó náà, kí a fi lọ ya fọ́tò létí òkun. Ó ní ó ti sú òun kí òun máa wọ ṣọ́ọ̀bù wa kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ pé ọkọ àti ìyàwó nìkan ló wà lára ògiri. Wọ́n wá ní èmi akọ̀wé ni kí n lọ ṣètò rẹ̀. Bí ètò náà ṣe lọ, ohun tó mú un yí padà, àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni mo kọ síhìn-ín, torí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti ń bi wá léèrè.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo ní kí kálukú sọ irú fọ́tò tí òun fẹ́ mú bọ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ oòrùn tó ń yọ látinú òkun. Ìyá Ìbejì, tó ń ya àwọn ọmọdé, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, fẹ́ ya aṣọ aláró lórí yanrìn, kí atẹ́gùn òkun máa fẹ́ ẹ lẹ́lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ méjì fẹ́ gbé dróònù sókè. Ọ̀kan nínú wọn tún fẹ́ irú fọ́tò tí omi òkun máa ń dà bí èéfín, èyí tí wọ́n máa ń ṣí ṣọ́tà kámẹ́rà sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí i yà. Bọ̀dá kan tó máa ń bá àwọn oníwèé ìròyìn ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ apẹja ni ti òun, pé òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹnìkan ti ń béèrè iye tí wọ́n ń gbà ní òtẹ́ẹ̀lì.

Mo ní kó fi òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ná. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò létí òkun, ibi tí oòrùn máa wà àti ẹni tó ni etí òkun náà ló yẹ kó kọ́kọ́ wádìí. Òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ àti oúnjẹ á wá tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dorí rẹ̀ kodò: wọ́n á ti san owó yàrá tán kí wọ́n tó mọ̀ pé apá ibi tí oòrùn ti ń yọ kọ́ ni òkun wà.

Ibo la fẹ́ lọ gan-an? Ẹni tó bá gbọ́ Abẹ́òkúta, òkúta ló máa wá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Ògùn pàápàá ní omi tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside wà lápá ìlà-oòrùn, Abigi ni olú rẹ̀. Erékùṣù Tongeji sì wà ní Ìpókíá, lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. A yẹ àwọn méjèèjì wò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a mọ̀ níbẹ̀ tó lè mú wa wọlé, a ò sì fẹ́ kó ọ̀pọ̀ kámẹ́rà já sí ìlú tí a ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan dárúkọ Lẹ́kí. Ìyá Ìbejì ló fèsì pé etí òkun ibẹ̀ ti di ti agboorun, àga àti ẹ̀rọ ìkọrin, pé bó bá jẹ́ pátì la fẹ́ yà, Abẹ́òkúta kún fún un. Ẹlòmíràn ní kí a sọdá sí Kútọnu, kí a dé Ganvié níbi tí wọ́n kọ́ ilé sórí òpó nínú ọ̀sà Nokoué, kí a sì ti ibẹ̀ dé Ouidah. Àbá yẹn dùn létí, àmọ́ ó la ààlà lọ, ó la pàṣípààrọ̀ owó lọ, ó sì la àlàyé kámẹ́rà lọ́wọ́ aṣọ́bodè lọ. Ọjọ́ tí a ní kò tó o.

Àyétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ló fa ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìlú yẹn, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tó sì lókìkí nígbà kan fún bí gbogbo ará ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí wọ́n sì ń jẹun pọ̀, òkun ti ń jẹ ẹ́ lọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní fọ́tò tó máa ti ibẹ̀ jáde á lágbára. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn pé kí àwa tí a ń ṣe ọlidé lọ dúró síbi tí ilé onílé ti wó sómi, kí a máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Ẹni tó bá fẹ́ ya Àyétòrò, kó gbé àkókò kalẹ̀, kó bá wọn gbé, kó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ayé rí. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Bọ̀dá oníwèé ìròyìn gbè mí lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Àgbádárìgì ló kù. Òkun, ọ̀sà àti ìlú àtijọ́ wà lójú kan níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ Ẹ̀gbá kì í ṣe àlejò pátápátá ní Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, gbà wá sí Abẹ́òkúta ní Oṣù Kìn-ín-ní 1843, tí Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá nígbà náà, gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Nígbà tí òun àti Ajayi Crowther fẹ́ padà wá jókòó sọ́dọ̀ wa, ikú Ṣódẹkẹ́ àti ogun tó wà lójú ọ̀nà dá wọn dúró sí Àgbádárìgì títí di 1846. Ilé alájà kan tí wọ́n parí níbẹ̀ ní 1845, tí wọ́n ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣì wà létí ọ̀sà. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ ọmọ ìjọ ní Aké, ní ìyẹn nìkan tó kí a fi lọ.

Ọ̀nà kò gba àkókò púpọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ máa ń dúró ní Láderin ní Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, ó sì ń gbé èèyàn dé Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta dé Àgbádárìgì, àtúnwọ̀ ọkọ̀ lórí àtúnwọ̀ ọkọ̀ ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kámẹ́rà, báàgì lẹ́ǹsì àti ẹrù aṣọ Ìyá Ìbejì. A háyà bọ́ọ̀sì kan. Awakọ̀ náà ní òun ò ní wọ Èkó rárá: Ìfọ́, Sàngó, Ọ̀tà, Àtàn, Lùsadà, kí a já sí Àgbárá lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọ̀nà tó mú wa gbà nìyẹn.

Ibi tí ó ti le ni ọ̀rọ̀ oòrùn.

Nígbà tí mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ní Oṣù Kẹjọ tí a fẹ́ lọ, oòrùn kò ní yọ látinú òkun ní Àgbádárìgì, ó wò mí títí. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni fọ́tò ńlá kan wà: oòrùn pupa rọ̀bọ̀tọ̀, omi òkun nísàlẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ apẹja kan láàárín. “Àgbádárìgì nìyí. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi yà á. Àbí ojú mi ló ń parọ́ ni?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, oṣù wo lẹ yà á?” Ó sọ fọ́tò náà kalẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó kọ ọjọ́ sí. Oṣù Kejìlá ni.

Mo bá mú rúlà, mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní rúlà yìí ni etí òkun. Etí òkun Àgbádárìgì nà gbọọrọ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá dúró lórí yanrìn tó kọjú sí omi, gúúsù ló kọjú sí. Oòrùn kì í sì í ti ojú kan náà yọ jálẹ̀ ọdún. Láti nǹkan bí ọjọ́ 21 Oṣù Kẹta títí di nǹkan bí ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń yọ. Lẹ́yìn náà, ó di apá gúúsù títí ọdún á fi yí. Ìlà-oòrùn gan-an jẹ́ dígírì 90 lára kọ́ńpáàsì. Ní àárín Oṣù Kẹjọ, nǹkan bí dígírì 76 ni oòrùn ti ń yọ lọ́dọ̀ wa. Ní ìparí Oṣù Kejìlá, ó ti kọjá 113. Nítorí náà, ẹni tó bá kọjú sí òkun ní Oṣù Kejìlá, oòrùn á yọ lórí omi lápá òsì rẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yẹn gan-an ní Oṣù Kẹjọ, ẹ̀yìn èjìká òsì rẹ̀ ni oòrùn á ti yọ, láti àárín igi àgbọn. Ìrọ̀lẹ́ náà ò yàtọ̀: ilẹ̀ ni oòrùn Oṣù Kẹjọ ń wọ̀ sí, lápá Àjàṣẹ́, kì í wọ inú òkun. Kódà lọ́sàn-án gangan, díẹ̀ ló fi máa ń tẹ̀ sí àríwá. Láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ẹ̀yìn ẹni tó ń wo òkun ló máa ń wà.

Fóònù lè fi gbogbo èyí han èèyàn. Àwọn áàpù kan wà tó máa ń fa ìlà ibi tí oòrùn máa gbà sórí máàpù, wọ́n á sì sọ aago tó máa yọ àti aago tó máa wọ̀. Ṣùgbọ́n rúlà yẹn ló yé Ẹ̀gbọ́n. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Èwo wá ni kí a wá lọ fún?”

Ìyá Ìbejì ló dáhùn. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn wa ni oòrùn wà, a jẹ́ pé ojú ẹni tó bá dúró síwájú òkun tó kọjú sí wa máa mọ́lẹ̀ kedere, aró ara àdìrẹ òun á sì yọ dáadáa, kò ní dúdú mọ́ra. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ba ti Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ló tún tirẹ̀ ṣe. Mo wá fi kún un pé Àgbádárìgì ní ọ̀sà. Ọ̀sà náà wà láàárín ìlú àti erékùṣù Gberefu, òun náà nà láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Bí èèyàn bá dúró ní Marina, etí ọ̀sà lápá ìlú, tó wo gígùn ọ̀sà náà lọ sí ìlà-oòrùn ní Oṣù Kẹjọ, apá ibẹ̀ yẹn ni oòrùn máa ti yọ, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ojú omi níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀sà kì í ṣe òkun. Ó gbà ṣá.

Aago tí oòrùn ń yọ náà tún ohun kan yí padà. Ní àárín Oṣù Kẹjọ, nǹkan bí aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ló ń yọ níbẹ̀, nǹkan bí aago méje alẹ́ ló sì ń wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó dára jù fún fọ́tò wà láàárín wákàtí kan sí ìgbà méjèèjì. Kò sí bí èèyàn ṣe máa kúrò ní Abẹ́òkúta lówùúrọ̀ tó máa bá a. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ohun kan ṣoṣo tí mo sì wò lára rẹ̀ ni pé kí ó ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé etí ọ̀sà nínú òkùnkùn.

Lẹ́yìn oòrùn, òjò. Àwọn kan ti kọ́kọ́ fẹ́ kí a lọ ní Oṣù Keje, kété tí ilé-ìwé bá ti pa. Ní etí òkun Èkó, Oṣù Kẹfà ló sábà máa ń ní òjò jù, Oṣù Keje náà kì í gbẹ́yìn. Òjò tún máa ń padà ní Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kẹwàá. Àárín méjèèjì ni òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé oòrùn á wá máa mú bí ti Oṣù Kejì. Omi òkun apá ọ̀dọ̀ wa máa ń tutù ní Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án, nítorí omi tútù ìsàlẹ̀ máa ń gòkè wá, pàápàá lápá Gáná àti Côte d’Ivoire. Ìyẹn wà lára ohun tó ń dá òjò dúró, tó sì ń jẹ́ kí kùrukùru funfun bo ojú ọ̀run láàárọ̀. Mo sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí a má rí ojú oòrùn rárá.

Fún ẹni tó ń ya ojú èèyàn, kùrukùru yẹn kì í ṣe ìṣòro. Softbox ọ̀fẹ́ ni, bí àpótí aṣọ funfun tí a fi ń rọ iná ní ṣọ́ọ̀bù, tó bo gbogbo etí òkun. Òjìji kì í le lábẹ́ ojú, awọ dúdú máa ń yọ dáadáa, ewé àgbọn tó tutù kò ní máa kọ mànà. Ìṣòro rẹ̀ ni ojú ọ̀run fúnra rẹ̀: bí ó bá wọ inú fọ́tò púpọ̀, funfun lásán ló máa jẹ́, kámẹ́rà á sì tìtorí rẹ̀ sọ ojú èèyàn di dúdú. Mo ní kí wọ́n máa fi ìlà tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run sókè nínú fọ́tò, kí wọ́n má gbára lé ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà bá wọ̀n fún wọn, kí wọ́n sì máa ya RAW, irú fáìlì tó ṣeé tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe dáadáa lẹ́yìn náà.

Ohun tó kan ẹ̀mí ni ìgbì. Ní àsìkò òjò wa, apá ìsàlẹ̀ ayé wà nínú òtútù, ìjì tó ń jà jìnnà réré ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì sì máa ń ti ìgbì wá bá wa. Nítorí náà ni ìgbì Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án fi máa ń ga ju ti ìgbà ọyẹ́ lọ, kódà lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́. Omi tó ń padà sínú òkun máa ń wọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Òfin kan ṣoṣo tí mo ṣe fún ìrìn-àjò náà nìyẹn: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ omi kọjá kókósẹ̀, ẹni tó bá sì ń wo inú kámẹ́rà létí omi, kí ẹnìkejì rẹ̀ máa wo ìgbì fún un.

Mo mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́, a lọ ṣáájú. A sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, ẹni tí wọ́n bá wa mọ̀ níbẹ̀ mú wa lọ kí baálẹ̀ abúlé apẹja kan. A mú ọtí dání àti owó obì. Baálẹ̀ kò yọ wá lẹ́nu, ó ránṣẹ́ sí ẹni tó ni àwọ̀n. Ègùn ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, wọ́n fi Yorùbá bá wa sọ̀rọ̀. Mo rò pé owó ni ọkùnrin náà máa béèrè. Ohun tó sọ ni pé: “Àwọn ayafọ́tò ti wá síbí gan-an. Wọ́n á yà wá, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. A ò rí fọ́tò kankan.” Ó tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀ tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ní ìyẹn ti di èrò fóònù àwọn tí òun ò mọ̀, síbẹ̀ kò sí fọ́tò rẹ̀ kan nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tí mo gbọ́ ní ìrìn-àjò náà lọ. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kí a tẹ fọ́tò fún onífọ́tò! Mo jẹ́ kí owó ìtẹ̀wé wọ inú ìnáwó lójú ẹsẹ̀, mo sì sọ fún un pé gbogbo ẹni tí a bá yà lójú, ó máa gba tirẹ̀ lórí bébà. Ó wá sọ àṣẹ tirẹ̀: kí a má dúró sáàárín okùn méjèèjì nígbà tí wọ́n bá ń fa àwọ̀n, kí a má sọdá okùn, bí àwọn obìnrin bá ní rárá, rárá ni. Ó tún sọ aago tí wọ́n máa ń fà á, èyí tí kò sí áàpù kankan tó lè sọ ọ́ fún wa. Bákan náà ni a béèrè nípa Zàngbétọ́, egúngún àwọn Ègùn, kí a má baà gbé kámẹ́rà sókè síbi tí kò yẹ. Wọ́n ní bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó jáde, kí a kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ń tẹ̀ lé e.

Dróònù jókòó sí Abẹ́òkúta. Ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ wà lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó gbé e sókè. Àwọn ọ̀dọ́ ò ní ọ̀kankan, Àgbádárìgì sì súnmọ́ ààlà Sẹmẹ. Àárín ọ̀nà náà, níbi tí àwọn agbófinró pọ̀ sí, gbogbo kámẹ́rà wà nínú báàgì.

Iyọ̀ ni ọ̀tá kámẹ́rà létí òkun. Atẹ́gùn máa ń gbé e wá láìjẹ́ pé omi ta sí èèyàn, á lẹ̀ mọ́ ojú lẹ́ǹsì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, fọ́tò á kàn máa ṣú. Bí wọ́n bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, á ha ojú rẹ̀. Piọ wọ́tà díẹ̀ lára aṣọ rírọ̀ ni kí wọ́n fi nù ún ná, kí wọ́n tó fi èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e. Kálukú dá náílọ́nù lu láti fi wọ kámẹ́rà lọ́rùn. A ò pààrọ̀ lẹ́ǹsì lórí yanrìn. Ẹni tó ní kámẹ́rà méjì so ọ̀kan mọ́ lẹ́ǹsì gígùn, èkejì mọ́ èyí tó fẹ̀. Àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà, èyí tó ń fa omi, Ìyá Ìbejì ti tọ́jú wọn jọ láti ọjọ́ pípẹ́, ó pín in fún wa sínú báàgì.

Nípa ìnáwó, ọkọ̀ ló gba ìdajì. Yàrá àti oúnjẹ pín ìyókù, pẹ̀lú owó ọkọ̀ ojú omi, ti amọ̀nà, ti ìtẹ̀wé, àti ohun tí a fi sílẹ̀ lábúlé.

Nígbà tí a dé, ọ̀sán àkọ́kọ́ la fi wo ìlú. A dé ọjà ẹrú Vlekete, a dé ilé Sérìkí Abass tí wọ́n ti ń kó ẹrú pa mọ́ sínú yàrá tóóró, a bèèrè kí a tó yọ kámẹ́rà níbi gbogbo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa ti wà ní Marina kí ilẹ̀ tó mọ́. Kùrukùru bo ìlà-oòrùn pátá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ sì gbé kámẹ́rà jáde láti yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ṣiṣẹ́ mọ́jú: bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe kàn án báyìí, ìrì omi bo ojú lẹ́ǹsì rẹ̀, kò rí nǹkan kan yà títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti alẹ́ yẹn, nínú báàgì tí a ti pa ṣíìpù rẹ̀ ni gbogbo kámẹ́rà sùn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ẹ̀rọ náà ò dé.

A wọ ọkọ̀ ojú omi, kálukú pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó, a rin ojú yanrìn tí àwọn ẹrú rìn kọjá lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, ibi tí ẹrú bá dé tí kì í padà mọ́. Òkun wà níwájú, ìgbì rẹ̀ ga bí a ṣe retí. Níbi tí àwọn apẹja wà, wọ́n ti ń fa àwọ̀n. Okùn méjì jáde látinú omi, wọ́n jìnnà síra, ọkùnrin púpọ̀ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé okùn sí ìbàdí, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹni tó bá dé ìparí á sáré padà lọ síwájú létí omi láti tún dì í mú. Orin ni wọ́n fi ń mú ẹsẹ̀ wọn bára mu. Bí àpò àwọ̀n ṣe ń súnmọ́lé ni àwọn obìnrin ń gbé báàsì súnmọ́ tòsí. Nígbà tí ó balẹ̀, ẹja ṣáwá ń fò nínú rẹ̀, àmọ́ ọ̀rá piọ wọ́tà àti àwọn náílọ́nù dúdú pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọmọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa ṣà wọ́n dànù lọ. Bọ̀dá oníwèé ìròyìn ò sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yẹn rárá. Fọ́tò ọmọ náà, pẹ̀lú ìkúnwọ́ ọ̀rá, ni mo kà sí èyí tó dára jù nínú gbogbo èyí tí a mú bọ̀.

Àdìrẹ Ìyá Ìbejì gba ọ̀sán, kùrukùru ti ṣí díẹ̀. Atẹ́gùn ò jẹ́ kó nílò ẹni tó máa ju aṣọ. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ omi bí èéfín rí tirẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú: ó so gíláàsì dúdú mọ́ lẹ́ǹsì, ó ṣí ṣọ́tà sílẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn àkọ́kọ́ gbọ̀n, torí bí omi ṣe ń padà ló ń wa yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n ló fi hàn án pé kó tẹ ẹsẹ̀ náà rì jìn kí ó tó so kámẹ́rà mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ padà, oòrùn yọjú lórí ọ̀sà láàárín kùrukùru, kò pẹ́ púpọ̀. Ọkọ̀ kan ń kó àgbọn bọ̀ láti erékùṣù. Ẹ̀gbọ́n yà á. Ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ní kò burú, pé òun ṣì ń bọ̀ wá fún òkun.

A tẹ fọ́tò àwọn ará abúlé náà ní Pánṣékè ní Abẹ́òkúta, a dì í sínú àpò ìwé pẹ̀lú orúkọ oníkálukú lẹ́yìn, awakọ̀ tí a mọ̀ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ amọ̀nà. Ẹni tó ni àwọ̀n pè wá pé ó ti dé, ó ní fọ́tò ìyàwó òun kéré, ṣé a ò lè ṣe ńlá rẹ̀. Ìyá Ìbejì ti ṣe é, ó fi férémù sí i.

Owó díẹ̀ ṣẹ́kù. Mo fẹ́ pín in padà, Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ fún Oṣù Kejìlá. Mo rán an létí pé oṣù ìgbéyàwó nìyẹn, pé kò sí Sátidé kan tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa máa ṣófo. Mo pe ẹni tó ni àwọ̀n. Ó ní kí a má wá súnmọ́ Kérésìmesì rárá nítorí èrò tó ń wá ṣeré létí òkun, kí a wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, láàárín ọ̀sẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá, oòrùn á ti wà ní nǹkan bí dígírì 112, ojú òkun náà ló ṣì jẹ́. A ti fi Ajé sí Ọjọ́rú sí i, kí gbogbo wa lè wà nílé kí Sátidé tó dé.